Fáríò: Aago Tó Ń Sọ Fún Wa Bí Afẹ́fẹ́ Bá Ń Gòkè

 

Ní táàmù tó kọjá, mo sọ̀rọ̀ díẹ̀ níwájú kíláàsì nípa gíláídà tí mo ń kọ́ láti wà. Nígbà tí mo parí, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí mẹ́ta bi mí lẹ́nu ọ̀nà: "Ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì, kí ló wá ń gbé e dúró lókè?" Ìyá mi náà ti bi mí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù mi, torí ọmọ ọdún 15 ni mí. Ìṣẹ́jú méjì tí mo ní lẹ́nu ọ̀nà kò tó láti dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn níbí, kí n sì ti ara ohun èlò kan ṣoṣo wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Variometer ni orúkọ rẹ̀. Àwa tí a ń wà gíláídà kì í pe orúkọ yẹn tán. "Fáríò" la máa ń pè é. Àbúrò mi gbọ́ ọ, ó ní orí ta ni wọ́n fẹ́ fá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fárí fún ẹnikẹ́ni o.

Òótọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé gíláídà kì í dúró lókè. Ó ń bọ̀ nílẹ̀ ni, láti ìgbà tí okùn bá ti já sílẹ̀ lára ẹ̀ títí dìgbà tí táyà rẹ̀ bá kan koríko. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ̀. ASK 21, ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méjì tí wọ́n fi ń kọ́ wa, lè rìn tó mítà 34 síwájú kó tó sọ mítà kan péré nù nínú gíga rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ bá pa rọ́rọ́. Wíǹṣì ló ń gbé wa sókè: ẹ̀rọ ńlá kan tó wà ní ìparí pápá, tó ń ká okùn gígùn wọlé kíákíá. Tó bá fà wá dé ẹsẹ̀ bàtà 1,200, tí a ò sì rí ìrànlọ́wọ́ kankan, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà, a ti padà délẹ̀.

Ìrànlọ́wọ́ náà ni afẹ́fẹ́ tó ń gòkè. Oòrùn kì í mú gbogbo ilẹ̀ gbóná bákan náà. Oko tí wọ́n ti kórè, títì ọlọ́dà, òrùlé ilé ìtajà ńlá, gbogbo wọn máa ń gbóná ju igbó àti odò lọ. Afẹ́fẹ́ orí wọn á gbóná, á fúyẹ́, á já kúrò nílẹ̀, á sì máa gòkè bí èéfín. Thermal ni wọ́n ń pè é. Òpó afẹ́fẹ́ ni mo máa pè é níbí. Bí òpó yìí bá ń gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà 500 ní ìṣẹ́jú kan, tí gíláídà sì ń sọ̀ nínú ẹ̀ ní 200, a ti jèrè 300. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ mọ àtẹ̀gùn tó ń gbé ara rẹ̀ lọ sókè yẹn. Tí ẹnì kan bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ kan, òkè náà ló máa bá ara rẹ̀. Bí gíláídà ṣe ń ṣe nìyẹn.

Àwọn ẹyẹ ti mọ èyí tipẹ́. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ dàgbà nílé ti rí igún àti àwòdì tí wọ́n ń yí po lókè lọ́sàn-án gangan láì gbọn ìyẹ́ rárá. Kílọ́ọ̀bù wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkè Chiltern, àwòdì pupa sì pọ̀ níbẹ̀ lónìí. Wọ́n ti tán pátápátá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀; láàárín 1989 sí 1994 ni wọ́n kó wọn wá sí Chiltern láti Sípéènì. Tí a bá rí wọn tí wọ́n ń yí po, a máa ń lọ bá wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ò ní àwọ̀, àwòdì kì í sì í wà níbi gbogbo.

Ẹnì kan á ní, ṣé ara wa ò lè mọ̀ fúnra ẹ̀ pé a ń gòkè ni? Ó tì o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé nínú ilé alájà púpọ̀, ẹ wọ lífítì, kẹ́ ẹ di ojú. Tó bá gbéra, ikùn á mọ̀. Tó bá fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ á mọ̀. Láàárín méjèèjì, nígbà tó ń lọ geere láti àjà kẹta dé ìkọkànlá, ẹ ò ní mọ̀ bóyá òkè ló ń lọ ni, bóyá ìsàlẹ̀ ni, bóyá ó tiẹ̀ dúró ni. Ara ń mọ ìyípadà. Kò mọ eré tó dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú gíláídà. Tí òpó afẹ́fẹ́ bá gbá wa nídìí, a máa mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì, a ò mọ nǹkan kan mọ́. Aago tó ń ka gíga wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó rí i lójú ẹ̀ pé ẹ ti jèrè ẹsẹ̀ bàtà 100, ẹ ti lè kọjá òpó náà. Fáríò kì í sọ ibi tí a ga dé. Bí a ṣe ń gòkè tàbí bí a ṣe ń sọ̀ ní ìṣẹ́jú yìí gan-an ló ń sọ.

Bí wọ́n ṣe ṣe é máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí ohun ilé ìdáná wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Fúláàsì! Fúláàsì gidi, irú èyí tí a fi ń gbé tíì, àfi pé kékeré ni, ó ń gba nǹkan bíi mílílítà 450. Páìpù rọ́bà kan ti ẹnu fúláàsì lọ sẹ́yìn aago. Páìpù kejì ti ẹ̀yìn aago jáde lọ bá afẹ́fẹ́ òde. Bí a bá ṣe ń gòkè ni agbára tí afẹ́fẹ́ òde fi ń tẹ nǹkan ń dín kù. Èyí tó wà nínú fúláàsì á wá lágbára jù ú lọ, á sì máa jáde gba inú aago kọjá. Ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú aago tí afẹ́fẹ́ yìí ń tì, ewé náà ló sì ń gbé ọwọ́ aago. Tí a bá ń sọ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé padà, ọwọ́ aago á yí sísàlẹ̀. Tí gíga wa ò bá yí padà, afẹ́fẹ́ ò ní rìn, ọwọ́ aago á jókòó sórí òdo.

Mo jókòó ṣírò ẹ̀ lọ́jọ́ kan, torí mo fẹ́ mọ bí afẹ́fẹ́ tó ń jáde ṣe pọ̀ tó. Nítòsí ilẹ̀, tí a bá gòkè mítà 8, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ á dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílílítà 450 kò tó ìdajì mílílítà kan. Ṣíbí tíì ń gba mílílítà 5. Ẹ wò ó ná: odindi ọkọ̀ pẹ̀lú ènìyàn méjì gòkè tó ilé alájà mẹ́ta, ohun tó sì jáde nínú fúláàsì kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣíbí tíì. Orí nǹkan bíńtín yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Ìdí tí wọn ò fi lo ìgò lásán nìyẹn. Tí oòrùn bá mú afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ gbóná sí i ní ìwọ̀n Celsius kan péré, afẹ́fẹ́ náà á fẹ̀, á tú jáde, fáríò á sì sọ pé a ti gòkè bíi mítà 28. Wọ́n tún máa ń ki nǹkan sínú fúláàsì náà, bíi kànìnkànìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò, kí ooru inú ẹ̀ má baà tètè yí padà.

Kí wọ́n tó ní fáríò, ẹ̀gbẹ́ òkè ni àwọn tó ń wà gíláídà máa ń rọ̀ mọ́, níbi tí atẹ́gùn ti ń kọlu òkè tó sì ń yí sókè. Robert Kronfeld, ọmọ ilẹ̀ Austria, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé fáríò sínú gíláídà, ní òkè Wasserkuppe ní Jámánì, ní ìparí àwọn ọdún 1920. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè fi ẹ̀gbẹ́ òkè sílẹ̀ lọ wá òpó afẹ́fẹ́ kiri. Ní 1931, ó fi gíláídà ré òkun tó wà láàárín Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá, ó lọ, ó bọ̀.

Ó kù bí a ṣe ń fi í sínú ọkọ̀. Ìgbà òtútù ni a máa ń tú ọkọ̀ palẹ̀, torí oòrùn ìgbà yẹn ò lágbára láti gbé òpó kankan dìde. Ní oṣù Kínní tó kọjá, mo bá àgbàlagbà kan ní kílọ́ọ̀bù wa ṣiṣẹ́ lára ASK 21. Gbogbo wọn níbẹ̀ ń pe bàbá náà ní orúkọ gan-an, àní àwọn ọmọ ọdún 14. Ẹnu mi ò gbà á. "Sà" ni mo ń pè wọ́n, wọ́n sì ti jẹ́ kó mọ́ wọn lára. Aago fúláàsì tí kì í lo iná ti wà lójú pátákó tẹ́lẹ̀. Fáríò kejì la fẹ́ fi kún un, èyí tó ń lo bátìrì, tó sì ń dún.

Fífi aago náà sójú pátákó kò le. Ihò oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, mílímítà 80 àti 57. 57 ni tiwa. Ẹ ti aago bọ ihò, ẹ fi síkúrù mú un, ó tán. Wáyà rẹ̀ lọ bá bátìrì oní-fóòtì 12, fíúùsì sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì, torí tí wáyà bá fara kanra, iná lè sọ, ẹ ò sì lè páàkì lójú òfuurufú. Ohun tó ń gbé ohùn jáde gbọ́dọ̀ jìnnà sí kọ́ńpáàsì, torí mágnẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀. Ti páìpù ni wàhálà.

Mo ní páìpù kan ń lọ bá afẹ́fẹ́ òde. Níbo? Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀. Ká ní mò ń sáré ní nọ́ọ̀tì 70. (Kì í ṣe nọ́ọ̀tì mẹkáníìkì o. Ìwọ̀n eré ni: nọ́ọ̀tì kan ju kìlómítà 1.8 lọ díẹ̀ ní wákàtí kan.) Mo wá fa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn títí eré fi dín kù sí 50. Ọkọ̀ á gòkè tó mítà 30. Ṣé afẹ́fẹ́ ló gbé mi ni? Rárá. Eré mi ni mo fi ra gíga, bí ọmọ tó wa kẹ̀kẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀ tó sì fi eré yẹn gun òkè tó kàn. Ṣùgbọ́n fáríò ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Á ké pé a ń gòkè. Awakọ̀ tó bá gbà á gbọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po níbi tí kò sí nǹkan kan, gíga tó yẹ kó fi padà sí pápá á sì máa tán lọ.

Ojútùú rẹ̀ wà nírù. Ẹ wo ìrù gíláídà, ẹ máa rí ọ̀pá tín-ínrín kan tó yọ síwájú bí ìwo ìgbín. Orí ẹ̀ tẹ̀, ihò sì wà lápá ẹ̀yìn orí náà. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń sáré kọjá lára ọ̀pá yìí ni ó ń fa afẹ́fẹ́ jáde láti inú páìpù. Bí eré bá ṣe pọ̀ tó ni fífà náà ṣe ń lágbára tó. Tí mo bá wá fa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn, nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ pọ̀. Mo gòkè, nítorí náà ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ òde dín kù. Eré mi dín, nítorí náà fífà yẹn rọ̀, ìtẹ̀ inú páìpù sì pọ̀ sí i. Ọ̀kan ń yọ kúrò, èkejì ń fi kún un, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Ọwọ́ aago ò mira. Afẹ́fẹ́ tó ń gòkè lóòótọ́ nìkan ló kù tó lè gbé e. Lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀ yẹn, ọ̀pá yìí ló gbọ́n jù, bẹ́ẹ̀ kò ní bátìrì, kò ní wáyà.

Inú páìpù kan ṣoṣo tó ti ìrù wá ni fáríò méjèèjì ti ń mu, páìpù náà sì gùn ju mítà márùn-ún lọ. Gbogbo ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ ló lè jò. Ẹ rántí ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣíbí tíì.

A kì í fi ẹnu fa páìpù fáríò, a kì í sì í fẹ́ ẹ. Ewé inú aago lè tẹ̀, ooru ẹnu á sì di omi síbẹ̀. Sìríńjì la lò, láìsí abẹ́rẹ́ lẹ́nu ẹ̀. A so ó mọ́ ẹnu páìpù nírù, mo rọra fà á díẹ̀, mo dì í mú. Sà jókòó níwájú, wọ́n ń wo aago fúláàsì. Tí kò bá sí ibi tó ń jò, ọwọ́ aago á lọ sókè, á padà sórí òdo, á sì dúró síbẹ̀. Tiwa padà sórí òdo, ó kọjá ẹ̀, ó lọ dúró sísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń rí ibì kan wọlé.

Odindi ọ̀sán la fi wá a. A fún páìpù pa níbì kan, a dán an wò. A fún un pa níbòmíràn, a tún dán an wò. Ẹ̀yìn ìjókòó kejì ló wà. Rọ́bà ti gbó, ó ti gan, ó sì la lẹ́nu níbi tí wọ́n ti fi í sórí páìpù ike. Ibi tó là kò gùn tó èékánná mi. Sà gé e kúrò, a fi tuntun sí i, ọwọ́ aago jókòó sórí òdo bí ọmọ tó gbọ́ràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti yẹ ọkọ̀ wò wá yẹ gbogbo ẹ̀ wò, ó sì fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ fọkàn balẹ̀: kò sí ẹni tó ń jẹ́ kí ọmọdé tú ọkọ̀ kó sì gbé e fò bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ kan tí afẹ́fẹ́ pa rọ́rọ́, olùkọ́ mi gbé e lọ dán wò. Wọ́n sáré dé nọ́ọ̀tì 80, wọ́n fa ọkọ̀ dé 50. Wọ́n ní ọwọ́ aago fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ rántí dò, re, mí tí a fi ń kọ́ àmì ohùn? Fáríò tuntun yẹn mọ̀ ọ́n. Tí a bá ń gòkè, ohùn òkè ló ń sọ, pí-pí-pí. Bí òpó bá ṣe lágbára sí ni ó ń yára sí, tí ohùn ẹ̀ sì ń ròkè sí. Tí a bá ń sọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ló ń fà gbọọrọ, bí ẹni tó ń kùn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní òun ṣì máa ń wo aago kí òun tó mọ̀ bóyá ohùn ti yí padà díẹ̀. Èmi kì í wò ó. Ìyá mi ti ń sọ fún gbogbo èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Yorùbá tí àwọn ń sọ sí mi nílé ló fà á.

Ohùn yẹn kì í ṣe fàájì o. Ojú wa ni wọ́n ń dá sí. Gíláídà mẹ́rin, márùn-ún lè máa yí po nínú òpó kan náà, ẹni tó bá tẹjú mọ́ aago kò ní rí ẹni tó ń bọ̀. Etí la fi ń gbọ́ fáríò, kí ojú lè wà níta.

Ká ní mò ń lọ tààrà, ohùn ìsàlẹ̀ ń fà. Lójijì, ìjókòó tì mí nídìí, ìyẹ́ ọ̀tún sì gbé díẹ̀. Ìdí ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀; aago fúláàsì ń pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta kó tó fèsì. Mo wo òde dáadáa, mo yí sí ọ̀tún, síbi tí ìyẹ́ ti gbé, torí níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti lágbára. Tí ẹlòmíràn bá ti wà nínú òpó náà ṣáájú mi, apá tó ń yí sí lèmi náà gbọ́dọ̀ yí sí. Òfin ni. Bí mo ṣe ń yí, mò ń fetí sílẹ̀. Lápá kan, pí-pí-pí ń yára. Lápá kejì, ó falẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé àárín òpó àti àárín àyíká tí mò ń yí kò ṣe déédéé. Nígbà tí ohùn bá ń ròkè, mo máa dín yíyí kù díẹ̀ kí ọkọ̀ lè sún síhà ibẹ̀, kí n tó tún yí dáadáa. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ohùn á dọ́gba káàkiri àyíká.

Ní oṣù Kẹrin, èmi àti olùkọ́ mi wà ní ẹsẹ̀ bàtà 900, a ti ń múra láti padà sí pápá. Pí kan dún, ó tún dún. Olùkọ́ mi ní kí n yí. Ìṣẹ́jú 11 lẹ́yìn náà, a wà ní 3,400, àwòdì pupa méjì sì wà lábẹ́ wa.

Ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí mọ̀ jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tó ń gòkè, afẹ́fẹ́ mìíràn ń sọ̀ kalẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, nọ́ọ̀tì náà ni fáríò wa fi ń kà, nọ́ọ̀tì kan sì jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá ka 6 sísàlẹ̀, 600 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó wà ní 2,000 kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ká má yí po níbẹ̀, ká má sì falẹ̀. Ká ti ọ̀pá síwájú, ká sáré jáde nínú ẹ̀. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu pé ẹni tó ń sọ̀ tún dorí ọkọ̀ kọ ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá falẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ burúkú ló máa pẹ́ níbẹ̀. Paul MacCready, ará Amẹ́ríkà, ṣe òrùka kan tí wọ́n ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ojú fáríò, tó ń sọ iye eré tó yẹ fún afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òun ló gba ipò kìíní àgbáyé nínú gíláídà ní 1956. Òun náà ló ṣe Gossamer Condor, ọkọ̀ òfuurufú tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ wà bíi kẹ̀kẹ́, tó fò ní 1977. Òrùka rẹ̀ wà lára aago fúláàsì wa, olùkọ́ mi sì máa ń bi mí ohun tó ń kà nígbà tí mi ò retí ẹ̀.

Ní Britain, ọmọ ọdún 14 lè dá gbé gíláídà fò tí olùkọ́ bá gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀. Èmi ò tíì dá fò. Tí a bá sọ̀ dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 800, pí-pí-pí yòówù kó máa dún, olùkọ́ mi á sọ láti ẹ̀yìn pé kí n yí ohùn ẹ̀ wálẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, pápá àti eré nìkan ni mò ń wò.